Lẹ́tà tí mo jù sínú garawa ìdọ̀tí: ohun tí SPAC kọ́ mi

Ní Sátidé tó kọjá àbúrò mi kan pè mí láti Dallas, kò tiẹ̀ jẹ́ ká kíra tán tó fi ní "Ẹ̀gbọ́n, SPAC ti padà o, ẹ jẹ́ ká tètè wọlé." Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti ń ra ṣíà ní Houston níbí láti 1997, ìgbà tó jẹ́ pé fóònù la fi ń pe bíróókà tó ń bá wa rà á, tí wọ́n á fi orin sí ẹ létí títí ọjà á fi já wálẹ̀. Mo la ìjábọ́ ọjà 2000 kọjá, mo la ti 2008 kọjá, àmọ́ kí n má parọ́, èyí tó dùn mí jù ni ti 2021 torí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n: SPAC jẹ́ kọ́ńpánì tí ò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní ọjà, kò ta nǹkan kan. Àwọn ẹni ńlá kan ló máa kó ara wọn jọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá owó, $10 ni ṣíà kan, àwọn á fi wá kọ́ńpánì gidi kan táwọn máa bá da pọ̀. Èwo ni kọ́ńpánì ọ̀hún? Wọn ò ní sọ, wọ́n á ní àwọn ò tíì mú un. Ìdí tí òyìnbó fi ń pè é ní bláǹkì ṣẹ́ẹ̀kì nìyẹn, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀kì tó o ti fọwọ́ sí láì kọ iye sí i. Tẹ́ ẹ bá ti ń ronú alájọ tó palẹ̀ mọ́ lóru, ẹ fara balẹ̀ ná, torí wọn ò lè ná owó yẹn bó ṣe wù wọ́n. Inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní trust ni wọ́n ń tì í mọ́, wọ́n á fi ra ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà. Bí nǹkan bí ọdún méjì bá pé tí wọn ò rí kọ́ńpánì rà, wọ́n á dá a padà. Kódà tí wọ́n bá rí, tí kò bá wù ẹ́, o lè ní kí wọ́n fún ẹ ní $10 ẹ àti èlé orí ẹ̀, ìyẹn ni redemption. Ibẹ̀ ladùn ẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣubú.

Wọn ò sì ṣàdédé ti owó yẹn mọ́bẹ̀ o. Láàárín 1980 sí 1990, àwọn gbájúẹ̀ ló kún inú irú kọ́ńpánì yìí, ṣíà kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni wọ́n ń tà fún aráàlú. Ìjọba ṣòfin ní 1990, SEC, ìyẹn àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà ní Amẹ́ríkà, gbé tiẹ̀ lé e ní 1992, ní 1993 ni David Nussbaum, oníṣẹ́ bánkì kan, wá tún un ṣe sí SPAC tá a mọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó bá níyì ò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀.

Àfi bí 2020 ṣe dé. Kòrónà ti gbogbo èèyàn mọ́lé, owó ìrànwọ́ ìjọba wà lọ́wọ́, bánkì ò san èlé kankan, DraftKings, kọ́ńpánì tẹ́tẹ́, gba ọ̀nà SPAC wọ ọjà ó sì ń lọ sókè, SPAC 248 ló jáde lọ́dún yẹn nìkan. Ní 2021 ó di 613, owó tí wọ́n kó jọ lé ní $160 bílíọ̀nù. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó ju méjì lọ ní ojúmọ́ iṣẹ́ kan! Ní páàkì ṣọ́ọ̀ṣì wa, bàbá kan tí ò ra nǹkan míì rí ju ilẹ̀ Ìkòròdú lọ bi mí léèrè pé kí ni warrant, ìyẹn ìwé tó ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ṣíà lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti fi sí i. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn.

Mi ò mọ̀. February 2021 mo ra 600 ṣíà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà ní $14.20, torí wọ́n ní SPAC ọ̀hún fẹ́ ra kọ́ńpánì tó ń ṣe mọ́tò oníná. $8,520. Mo ń sọ fún ìyàwó mi pé kò séwu, $10 wà ní trust. Ó ní "Ṣé $10 lẹ rà á ni?" Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní tẹlifíṣọ̀n jàre.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lẹ́tà dé, ánfílóòpù funfun ńlá, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti Bíbélì, ó nípọn tó ìka mi méjì. Mo rò pé ìwé ìdìbò tí wọ́n máa ń fi dà wá láàmú náà ni, mo jù ú mọ́ ìwé ìpolówó pízà. Inú ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé tó o bá fẹ́ gba $10 ẹ, o gbọ́dọ̀ sọ fún bíróókà ẹ kó tó ku ọjọ́ iṣẹ́ méjì sí ìpàdé tí wọ́n á ti dìbò lórí àdàpọ̀ náà. $9.90 lọjà ń ná an lọ́jọ́ yẹn, $6,000 ì bá wọlé fún mi. Wọ́n da pọ̀ tán, ó di $3, ó di 60 sẹ́ǹtì, láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí fóònù, mo rí i pé ṣíà 600 mi ti di 20. Mo rò pé wọ́n jí i ni. Wọ́n ti ká ọgbọ̀n ṣíà pọ̀ di ẹyọ kan.

Kí ló ń jẹ owó inú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ká ní wọ́n ta ṣíà mílíọ̀nù 20, $200 mílíọ̀nù nìyẹn. Àwọn tó dá a sílẹ̀, ìyẹn sponsor, á gbé mílíọ̀nù 5 fún ara wọn, ẹ má kígbe o, $25,000 péré ni wọ́n sábà máa ń san fún gbogbo ẹ̀. Tó bá dọjọ́ àdàpọ̀, tí 90 nínú 100 bá gba owó wọn sá lọ, tó sì wọ́pọ̀ gan-an ní 2022 àti 2023, $20 mílíọ̀nù ló kù. Àwọn bánkì tó bá wọn ta á ṣì ní owó níbẹ̀, 3.5% ti $200 mílíọ̀nù, ìyẹn $7 mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dín bó ti wù káwọn èèyàn sá tó. Ó ku $13 mílíọ̀nù. Ẹ wá pín in fún ṣíà mílíọ̀nù 7, mílíọ̀nù 2 tiyín tó kù àti 5 ti sponsor. $1.86! Mi ò tíì ka owó lọ́yà o. Tí ṣíà yẹn bá já sí $2, ẹ̀yin ń sunkún, sponsor ní $10 mílíọ̀nù lọ́wọ́.

Àwọn ńlá náà fara gbá a. Bill Ackman, gbajúmọ̀ olùdókòwò, kó $4 bílíọ̀nù jọ ní 2020, kò rí nǹkan rà, ó dá a padà ní 2022, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Nikola, kọ́ńpánì ọkọ̀ ẹrù oníná tó gba ọ̀nà yìí wọ ọjà ní 2020, kóòtù dá ẹni tó dá a sílẹ̀ lẹ́bi ẹ̀tàn ní 2022 (Trump ti dárí jì í), kọ́ńpánì fúnra ẹ̀ wọko gbèsè ní 2025. Ní 2023, SPAC 31 péré ló jáde. January 2024 ni SEC wá ní kí wọ́n máa kọ iye tí sponsor ń jẹ síta kedere, wọ́n ní ẹni tó bá fi èrè ọjọ́ iwájú pọ́n kọ́ńpánì ò ní rí òfin sá sí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, SPAC tún ti ń jáde lọ́pọ̀ yanturu láti 2025.

Èmi ṣì ń rà á o. Àmọ́ tó bá wà nísàlẹ̀ owó tó wà ní trust nìkan ni, bíi $9.95 nígbà tí trust bá jẹ́ $10.20, tí lẹ́tà bá sì dé mo gba owó mi, mi ò bèèrè kọ́ńpánì tí wọ́n fẹ́ rà. Èrè kékeré ni, oorun mi ò sì dà rú.

Mo bi àbúrò mi pé èló ló wà ní trust èyí tó ń pariwo ẹ̀ yìí. Ó dákẹ́. Mo ní èló lo fẹ́ rà á? Ó ní $12.60. Mo ní kó fún ìyàwó ẹ̀ ní fóònù.