Òṣómàáló ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ bá mi dúpẹ́, ọpẹ́ yìí pọ̀ ju ẹnu mi lọ.

Àbíkẹ́yìn mi tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà Atákúnmọ́sà ni wọ́n kó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Wọ́n bá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ọmọ yahoo ni. Ó di àgọ́ ọlọ́pàá kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì; abẹ́ ìkọ̀wé yẹn gan-an ni wọ́n ti ní kí n lọ wá ₦150,000 wá.

Mo ti ń wá ẹni tí yóò ra fìríìsà tí mo fi ń ta ẹja. N kò lè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ń tì mí.

Níbi ìṣọ́ òru ni Ìyá Ìjọ ti fà mí sẹ́yìn. Mo rò pé ààwẹ̀ ni wọn yóò bù fún mi. Wọ́n ní, "Bàbá Babalola tí Ọlọ́run lò fún ìsọjí ní Òkè-Òòyè níbí ní 1930, ṣé wọn ò ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní ní 1932 ni? Ta ló ń tijú wọn?" Wọ́n ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16. "Ẹsẹ 25 nìkan lẹ mọ̀, orin ọ̀gànjọ́. Ka 37 fún mi." Mo kà á. Àwọn onídàájọ́ tó ju Pọ́ọ̀lù sẹ́wọ̀n ní kó máa lọ wọ́ọ́rọ́. Ó kọ̀, ó ní wọ́n na àwọn ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́, ará Róòmù sì ni àwọn, kí wọ́n fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́, kò sí èyí tó dé ẹsẹ yẹn!

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mọ́kànlá tẹ̀ lé mi, pẹ̀lú lọ́yà ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, abala 35, ní bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé èèyàn débẹ̀. Kóòtù tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé! Ọmọ mi sì ti lo ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀gá ní ká padà wá lọ́la. Ìyá Ìjọ fìdí kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì: "Ìjẹ̀ṣà ni wá o. Òṣómàáló." Bí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ àwìn ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nìyẹn. Ọlọ́pàá kan ní kàǹtà kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. A kọrin, a jẹ ẹ̀kọ, a tún kọrin.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n mú un jáde. A ò san kọ́bọ̀. Mo fẹ́ gbá a mú ká sá lọ. Lọ́yà ní rárá, a ó gba kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí a ṣe gbà á tán, Ìyá Ìjọ tún jókòó. Ọmọkùnrin méjì ṣì wà ní àhámọ́, tí ìyá wọn kò sí nílùú. "Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́?" Ọjọ́ kejì ni tiwọn jáde.

Ọmọ mi ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ó ṣì ń ta gìrì bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ẹ máa fi í sínú àdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ó ní òun wá kí àwọn ìyá tó lóṣòó.

Ẹ̀yin onílù, ó yá.