Ẹ̀yin ń lọ sílé, àwa ń lọ sùn

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́. Ọyẹ́ ti mú, ètè mi ti là.

Ẹ jẹ́ kí n yára ka ti ọjọ́ náà tán. Mo kọ́ 6e, kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama, láàárọ̀, mo kọ́ 4e, kíláàsì kẹta, nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi tún dákẹ́, omi Kétu wa ní ilẹ̀ Benin yìí sì jìn nílẹ̀, ẹ̀rọ kì í dákẹ́ kí èèyàn rẹ́rìn-ín. Aláago lu agogo ọ̀sán nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjìlá lù, bí ìṣe rẹ̀. Ó parí.

Èyí tí kò parí ni gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ní aago méje ìrọ̀lẹ́.

Ẹ mọ bí aago méje ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń ti ilé wá á gbé àpò kọ́ èjìká, eruku á ti kun kakí wọn, ariwo á sọ. Àwọn kan á gun kẹ̀kẹ́, àwọn kan á fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn zém, ọ̀kadà wa, kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé, tó ń sùn síbẹ̀, á wá dúró lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa wò wọ́n títí ẹnu ọ̀nà á fi tì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n síbẹ̀. Mo ti ń rí i láti ọdún mẹ́ta, mi ò rò ó rí. Àfi ìrọ̀lẹ́ òní tí ọmọkùnrin kékeré kan ní 6e sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tó ń di okùn bàtà pé:

"Ẹ̀yin ń lọ sílé, àwa ń lọ sùn."

Kò sunkún. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òní ni Ẹtì, ọ̀la ni Àbámẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní "Ẹ̀n-ẹ́n", ó di okùn tán, ó sá lọ.

Wàyí o, èmi ni olùkọ́ Faransé, ìwé orúkọ sì wà lábíyá mi. Ẹ ti mọ ìwé tí mò ń wí. Ẹni tó bá fọ Yorùbá nínú ọgbà, orúkọ rẹ̀ ń wọ ibẹ̀, yóò sì gbá àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tiwa ní Sábẹ̀ẹ́, egungun ni wọ́n fi ń kọ́ wa lọ́rùn, "signal" lorúkọ rẹ̀, ẹni tó bá gbé e kọ́rùn á máa dọdẹ ẹlòmíì tí yóò gbé e fún. Ó sùn lọ́rùn mi lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé akéekèé ta mí, mo sì ké "Yéè, ìyá mi ò!" Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ké? Mo ṣì ń bi ara mi títí dòní.

Mi ò kọ orúkọ ọmọ náà. Mo fẹ́ sọ pé àánú ni, ṣùgbọ́n mi ò rò pé àánú ni. Gbólóhùn náà ló wù mí. Láti ìgbà tí a ti wọlé lẹ́yìn ọdún Kérésì ni mo ti ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí jà pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ méjì, kí wọ́n kọjú wọn síra. Wọ́n ń kọ "funfun, dúdú", "ọ̀sán, òru", ó sú mi. Ọmọ kan wá dúró lábẹ́ igi, ó mú ilé, ó mú oorun, nǹkan méjì tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ń bá ara wọn jà, ó fi wọ́n kojú ara wọn, kò sì mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Mo gbìyànjú láti yí i sí Faransé nígbà tí mo délé. *Vous rentrez, nous allons dormir.* Ó kú. Ó dà bíi pé wọ́n ń kéde fún àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì. Faransé ní *maison*, ìyẹn ilé tí a kọ́, ó ní *chez nous*, ìyẹn ọ̀dọ̀ wa, kò sí èyí tó lè ru "ilé" nínú méjèèjì láìjẹ́ pé díẹ̀ dà nù lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ náà ló tún ń yí lórí mi. Nígbà tí wọ́n mú un wá, ọkùnrin náà dúró nínú ọ́fíìsì, ó ní Kútọnu ni wọ́n bí ọmọ náà sí, Fọ̀n àti Faransé ló gbọ́, ojú sì ń ti òun bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí ọmọ ò mọ bí a ṣe ń kí èèyàn. "Mo fẹ́ kó mọ ilé." Bó ṣe wí nìyẹn. Ó sanwó, ó lọ. Àwa wá gba ọmọ tó wá mọ ilé, a tì í mọ́ inú ọgbà, a ní èèwọ̀ ni kó sọ èdè ilé. Òru ló fi kọ́ ọ, lórí ibùsùn, lẹ́nu àwọn yòókù tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn tí iná bá kú. Yorùbá oṣù mélòó kan ló fi sọ ohun tí ó sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ohùn Kútọnu ṣì wà nínú rẹ̀. Kí n wá tìtorí ìyẹn gbé ìgbálẹ̀ fún un?

Ẹ má rò pé mo ń bú ilé ìwé o. Mo mọ ohun tí mo ń rí. Bí BEPC, ìdánwò ìparí ọdún kẹrin girama, bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àwọn tó ń gbé inú ọgbà ló ń ráyè kàwé lálẹ́, iná wà, ẹnìkan ń ṣọ́ wọn, kò sẹ́ni tí yóò rán wọn níṣẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní 4e tó ń ti ilé wá, ẹ̀yin tó ń kà mí látẹ̀yìn ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí orí rẹ̀ máa ń ju sílẹ̀ bí aago mẹ́rin bá kọjá. Bó bá kúrò lọ́dọ̀ wa ní aago méje, àtùpà ló ń tàn, ó ń jókòó ti ọjà ìyá rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi dá ní pópó. Òun náà ìbá sọ tirẹ̀ lábẹ́ igi yẹn: ẹ̀yin ń lọ sùn, àwa ń lọ sílé.

Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ bínú sí mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó 6e lọ sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Mo sọ fún wọn bí ogun Glèlè, ọba Dàhómì, ṣe fọ́ Kétu ní 1886, bí wọ́n ṣe kó àwọn èèyàn lọ sí Àbọ̀mẹ̀, àti bó ṣe jẹ́ ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọmọ Glèlè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ni àwọn tó kù tó rí ọ̀nà padà wá tún ìlú ṣe. Ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Mìsíọ̀, níbi tí wọ́n kó wọn lọ, ṣé wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ilé?" Mo tún ka ọdún fún un. 1886. Mo rò pé mo ti dáhùn. Bóyá ọmọ kan náà ni, mi ò wẹ̀yìn wò.

Ìyá mi pè láti Sábẹ̀ẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. "Ṣé o ti délé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo wo yàrá: ibùsùn, sítóòfù, ìwé ìdánwò 4e tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Ọwọ́ mi fẹ́ kọ ọ́ síbí pé èmi náà, mo kàn ń lọ sùn ni. Irọ́ ni. Yàrá yìí dùn mọ́ mi. Sábẹ̀ẹ́ gan-an ni mi ò ti ń rí oorun sùn, àkùkọ lápá kan, àwọn àǹtí tó ń béèrè ìyàwó lápá kejì.

Censeur, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, ti bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ìdí tí ìwé orúkọ fi ṣófo. Mo ní Faransé ni gbogbo wọn fọ̀ lónìí. Ó wò mí. Òun náà, ọmọ Kétu ni. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," Yorùbá ló sì fi sọ ọ́.

Odi kan ló là mí àti àwọn ọmọ. Mo ti ń gbọ́ agogo iná pípa. Aago ọwọ́ mi ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí mẹ́wàá lù.