Ìbọn ní Maryland, ìbọn nílé: ta ló láṣẹ láti sọ pé ó tó?

Ẹni tó bá ń gbé ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà bíi tèmi á ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìbọn níbí ò jọ ti Nàìjíríà nílé rárá. Nílé, ìbọn tá a mọ̀ lójoojúmọ́ ni ti ọlọ́pàá lójú ọ̀nà àti ti àwọn ọdẹ. Níbí, èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà eré sísá àti ìwọ̀ ìpẹja, á bá ìbọn níbẹ̀, á bá awò tí wọ́n ń dè mọ́ ọn, á bá mágásíìnì tí wọ́n ń kó ọta sí. Ní Maryland sha, láti 2013, wọn ò gbọ́dọ̀ ta mágásíìnì tó bá gbà ju ọta 10 lọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ òfin yẹn ò sọ pé kéèyàn má ní in nílé o, rírà àti títà ló kà léèwọ̀, Pennsylvania tó múlé tì wá ò sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀, torí náà àwọn kan máa ń wakọ̀ kọjá lọ rà á lọ́hùn-ún.

Àwọn tó ni ìbọn ń bínú sí irú òfin yìí gan-an, kọ́ọ̀tù ni wọ́n sì ń gbé e lọ. Ìwé òfin Amẹ́ríkà ti sọ láti 1791 pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ohun ìjà, kọ́ọ̀tù tó ga jù tẹnu mọ́ ọn ní 2008, ní 2010 wọ́n ní ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà, ní 2022 wọ́n tún wá sọ pé òfin ìbọn tí ìpínlẹ̀ bá ṣe gbọ́dọ̀ bá ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà mu. Ìbéèrè tó wá kù ni pé, ṣé mágásíìnì ńlá jẹ́ ohun ìjà, àbí nǹkan tí wọ́n kàn fi kún ìbọn? Ní March 2025, kọ́ọ̀tù àwọn adájọ́ 11 tó ń gbọ́ ẹjọ́ California dá òfin ìpínlẹ̀ náà tó ka mágásíìnì ńlá léèwọ̀ láre, 7 sí 4. Wọ́n ní ìbọn ò nílò mágásíìnì tó ju 10 lọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Àwọn tó takò ó ní tẹ́ ẹ bá ń yọ nǹkan lára ìbọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ló máa tán. Mo gbọ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn ò ṣófo, ṣùgbọ́n California ni mo wà lẹ́yìn ẹ̀.

Bàbá mi àgbà ní ṣakabùlà. Á da ẹ̀tù sẹ́nu ẹ̀, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, á kó irin wẹ́wẹ́ lé e, á tún gún un, lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa dún. Irú ìbọn tí wọ́n ń lò ní 1791 nìyẹn o! Ẹ wá wo ìlú Tucson ní Arizona ní 2011, mágásíìnì tó gba ọta 33 ni ọkùnrin kan lò níbẹ̀, ó pa èèyàn mẹ́fà, ìgbà tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ ni àwọn tó wà níbẹ̀ rọ́ lù ú tí wọ́n dì í mú. Ká ní ọta 10 ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Mi ò lè yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn, nítorí ọmọ mi máa ń wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń pa iná kíláàsì tí wọ́n á kó jọ sí kọ̀rọ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ́ wọn de ọjọ́ tí oníbọn bá wọlé.

Ti bump stock tún yàtọ̀. Ìdí ìbọn ni, bí ìbọn bá ti ta padà, á sún síwá sẹ́yìn, trígà á máa kan ìka tó dúró sójú kan, ọta á máa jáde wìì-wìì-wìì. Òun ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Las Vegas ní 2017. Ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀rọ ayìnbọn-léraléra ni, wọ́n sì tìtorí ìyẹn kà á léèwọ̀, àmọ́ kọ́ọ̀tù tó ga jù sọ ní 2024, 6 sí 3, pé òfin ìjọba àpapọ̀ ò kà á sí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó ti wá di lílò níbi gbogbo, rárá o, òfin tí Maryland fi kà á léèwọ̀ ní 2018 ṣì dúró.

Nílé wá ńkọ́? Òfin ìbọn wa láti 1959 ni, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn, àfi kéèyàn gba ìwé àṣẹ (láísẹ́ǹsì), ti ìbọn ológun sì rèé, àfi kí Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ìwé òfin 1999 kó ọ̀rọ̀ ohun ìjà fún Àbújá nìkan. Ìyẹn ló fà á tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ìbọn ọdẹ ni wọ́n ń gbé lọ bá àwọn tó gbé AK-47. Ní 2022, ọdún tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn l'Ọ̀wọ̀, fídíò kan jáde tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ Katsina ní AK-47, olóògbé Akeredolu tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà yẹn fárígá, ó ní Oǹdó náà á ra tiẹ̀. Mo gbè é lẹ́yìn nígbà yẹn, mo ṣì ń gbè é. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ìbọn kún ọwọ́ aráàlú, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń sin òkú ló yẹ kó lóhùn nínú ẹ̀, ìbáà jẹ́ láti dín ìbọn kù bíi ti Maryland, ìbáà jẹ́ láti gbé e fún ẹ̀ṣọ́ bíi ti Oǹdó. L'Annapolis, olú ìlú Maryland, bí wọ́n bá ń jíròrò òfin bẹ́ẹ̀, mo lè forúkọ sílẹ̀, kí n dúró níwájú ìgbìmọ̀, kí n sọ tẹnu mi. Àwọn èèyàn mi l'Oǹdó ò rí irú àyè yẹn, ilé ìgbìmọ̀ tó wà l'Ákúrẹ́ ò láṣẹ láti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà rárá.