Mo ti mọ ohun tí mo máa kọ

Wọ́n ní kí olùkọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kọ ìlànà ìkọ́ni tirẹ̀ wá. Láàárọ̀ yìí ní wọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá màmá àgbàlagbà kan: 168/96. Àyà ẹ̀ já, ó fẹ́ sáré pe dókítà. Mi ò jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Wo màmá dáadáa. Kí lo rí?"

Ó wò wọ́n. Ẹsẹ̀ màmá ń mì dirodiro létí bẹ́ẹ̀dì, apá wọn ò sinmi lé nǹkan kan, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọjà lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fẹ̀yìn ti àga yìí." Ó fi ìrọ̀rí gbé apá wọn dé ibi tí ọkàn wà, ó ní kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀. Ó tún un wọ̀n: 142/84. Ẹ̀rín ojú ọmọ yẹn!

Ìlànà ìkọ́ni tèmi rèé: mo máa bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè kí n tó sọ fún un, mi ò sì ní dójú tì í níwájú aláìsàn láé. Patricia Benner, onímọ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 1984 pé ìpele 5 ló wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láti orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dé orí ọ̀jáfáfá. Ariwo olùkọ́ ò lè bá a fo ìkankan.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè wo ni olùkọ́ bi yín tẹ́ ẹ ò tíì gbàgbé?