Kí ẹ tó yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú domain, ẹ kọ́kọ́ wo aago rẹ̀

Ọ́fíìsì tó bá ní kọ̀ǹpútà 300 tàbí 500 lábẹ́ domain kan ṣoṣo (ìyẹn àkójọ kọ̀ǹpútà àti àkáǹtì tí server àárín gbùngbùn ń ṣàkóso), àròyé àárọ̀ ọjọ́ Ajé ibẹ̀ kì í yàtọ̀ síra púpọ̀. Ẹnì kan ní páásìwọ́ọ̀dù òun kò wọlé mọ́. Ẹlòmíràn ní fóldà ẹ̀ka òun kò ṣí. Ẹnì kẹta ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, ohun tó wà níbẹ̀ ni "The trust relationship between this workstation and the primary domain failed", ìyẹn ni pé ìfọkàntán (trust) tó wà láàrin kọ̀ǹpútà náà àti domain ti já. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti yí páásìwọ́ọ̀dù ẹni àkọ́kọ́ padà, wọ́n ti yọ kọ̀ǹpútà ẹni kẹta kúrò nínú domain, wọ́n sì ń dá a padà. Kò ní pẹ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà á tún fi dé.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ DNS (tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà IP), lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fọwọ́ kan àkáǹtì kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe yí i po, torí bí aago bá burú, àwọn àyẹ̀wò tó kù á máa parọ́ fún yín.

Kerberos ni Windows fi ń dá ènìyàn mọ̀ nínú domain. Ẹni tó bá wọlé, domain controller (server tó ń ṣàkóso domain) á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, àkókò sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà kí olè má baà rí i lò nígbà tó bá wù ú. Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Bí aago kọ̀ǹpútà bá fi jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ti server, wọn á kọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ sì lè rí KRB_AP_ERR_SKEW nínú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí. Ohun tó ń rú ènìyàn lójú ni pé kì í kọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni náà lè wọlé sórí Windows rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, nítorí Windows máa ń tọ́jú ẹ̀rí àwọn ènìyàn 10 tó wọlé kẹ́yìn kó lè gbà wọ́n láì rí domain controller. Ìgbà tó bá fẹ́ ṣí fóldà tàbí tẹ ìwé ni ọ̀rọ̀ á tó yọjú.

Àyẹ̀wò kékeré kan wà tí kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ fi orúkọ server ṣí fóldà náà, bí àpẹẹrẹ \\faili01\isuna, kí ẹ tún fi nọ́ńbà IP rẹ̀ ṣí i, \\10.20.0.15\isuna. Bí ti nọ́ńbà bá ṣí tí ti orúkọ kò ṣí, Kerberos tàbí DNS ni kí ẹ fura sí, torí NTLM, ọ̀nà ìdánimọ̀ àtijọ́, ni Windows máa ń lò fún nọ́ńbà. Níbi tí wọ́n bá ti pa NTLM, àyẹ̀wò yìí kò wúlò.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ fi àkáǹtì alábòójútó ti orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wọlé, kí ẹ tẹ àṣẹ mẹ́ta yìí:

w32tm /query /source
w32tm /stripchart /computer:dc01 /samples:5 /dataonly
tzutil /g

Èkíní á sọ ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba àkókò. Orúkọ domain controller ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí "Local CMOS Clock" tàbí "Free-running System Clock", kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Èkejì á fi iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi yàtọ̀ sí dc01 hàn. Bó bá ti ń sún mọ́ 300, ẹ ti rí arùfín náà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò, òun ló sì ń fa wàhálà tó pẹ́ jù.

Lábẹ́, aago àgbáyé, UTC, ni Windows ń tọ́jú. Aago tí à ń rí ní igun ojú kọ̀ǹpútà, UTC náà ni wọ́n fi àgbègbè àkókò yí padà fún wa. Ti Nàìjíríà ni "W. Central Africa Standard Time", wákàtí kan ló fi ṣíwájú UTC, kì í sì í yí padà láti January dé December. Àmọ́ ẹ ó bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní Èkó tàbí Ìbàdàn tí wọ́n fi sí àgbègbè London, "GMT Standard Time". Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù March títí di èyí tó kẹ́yìn nínú October, aago London àti ti Èkó dọ́gba, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí October bá parí, London padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, aago ojú kọ̀ǹpútà náà bá a padà. Ẹni tó ní àṣẹ alábòójútó á wá fọwọ́ sún aago síwájú ní wákàtí kan. Ojú aago ti dára, ṣùgbọ́n UTC tó wà lábẹ́ ti fi wákàtí kan ṣíwájú domain, Kerberos á sì kọ̀ ọ́. Nígbà tí W32Time, apá Windows tó ń tún aago ṣe, bá rí domain controller, á dá UTC padà sípò, aago ojú á tún ṣì, wọn á tún fọwọ́ sún un. Ẹ lè pàrọ̀ bọ́ọ̀dù títí, aago yẹn kò ní dúró.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ:

tzutil /s "W. Central Africa Standard Time"
w32tm /resync /rediscover

Bí iléeṣẹ́ yín bá ní ẹ̀ka ní Kútọnu, àgbègbè kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú Èkó. Lọ́mé kò sí níbẹ̀: UTC gan-an ni ti Tógò, "Greenwich Standard Time" ni Windows sì ń pè é. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún "GMT Standard Time". Ti London nìyẹn, òun ló ń yí padà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ fi Group Policy (ètò tí domain ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà) kan ṣoṣo ti àgbègbè kan náà sórí gbogbo ẹ̀ka. Ẹ so script tzutil mọ́ OU (ìpín inú domain) ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku bátìrì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá wà lára iná, kódà bó bá wà ní pípa, iná tó ń wọ bọ́ọ̀dù ló ń gbé aago. Níbi tí NEPA ti ń mú iná lọ, tí wọ́n sì ń pa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri nígbà tí iṣẹ́ bá parí, bátìrì rìbìtì CR2032 ló ń gbé e láti alẹ́ dé àárọ̀, àti ní òpin ọ̀sẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìdí rèé tí wàhálà yìí fi ń pọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Volt 3 ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí mítà bá sọ pé kò tó 2.8, ẹ pàrọ̀ rẹ̀. Ẹ mú mítà lọ sí ọjà pẹ̀lú, torí bátìrì tó ti pẹ́ lórí àtẹ náà máa ń rẹlẹ̀. Nínú láptọ́ọ̀pù, ó sábà máa ń ní wáyà àti ẹnu kékeré kan. Irú ẹnu yẹn gan-an ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ewé BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà. Bátìrì tó bá jáde lè dá BIOS padà sí bó ṣe wà nígbà tó tuntun. Bí ọ̀nà tí dísíkì ń gbà ṣiṣẹ́ bá ti AHCI bọ́ sí RAID, INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE ni Windows á dá yín lóhùn. Bí BitLocker, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísíkì pa, bá wà níbẹ̀, ẹ dá a dúró ná:

Suspend-BitLocker -MountPoint "C:" -RebootCount 2

Bí ẹ kò bá ṣe é, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-dígíìtì 48 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣebí kọ̀ǹpútà tó wà nínú domain á tún aago rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀? Òótọ́ ni, Windows kò fi òpin sí iye tí ọmọ domain lè sún aago rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí domain controller kó tó ṣe é. Láptọ́ọ̀pù tó ń fi ìwé ẹ̀rí wọ Wi-Fi ọ́fíìsì, tí aago rẹ̀ ti padà sí ọdún 2015, á wo ìwé ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀, á ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Wi-Fi kò gbà á. Domain controller kò sí. Aago kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. VPN á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ ihò tí kì í béèrè ìwé ẹ̀rí, tàbí kí ẹ fi Set-Date tẹ ọjọ́ tó tọ́ sí i, kó lè rí ọ̀nà wọlé.

Gbogbo èyí já sí asán bí orísun fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà ń gba àkókò lọ́wọ́ domain controller, àwọn domain controller ń gbà á lọ́wọ́ èyí tó di ipò PDC emulator mú, òun nìkan ló yẹ kó bọ́ síta lọ gba àkókò. `netdom query fsmo` á sọ èwo ni. Lórí rẹ̀:

w32tm /config /manualpeerlist:"0.pool.ntp.org,0x8 1.pool.ntp.org,0x8" /syncfromflags:manual /reliable:yes /update
Restart-Service w32time

Ẹ ṣí UDP 123 fún un lára firewall. Bí PDC yín bá jẹ́ ẹ̀rọ inú Hyper-V (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lórí server mìíràn), ẹ pa VMICTimeProvider nínú registry rẹ̀, kí Enabled jẹ́ 0, kí server tó gbé e má baà máa fi aago tirẹ̀ tì í. Ibi tó léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé: domain controller kì í gba àtúnṣe tó bá ju 172800 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìyẹn wákàtí 48, àwọn ọmọ domain sì ń gba iyekíye. Bí iná bá lọ, tí PDC sì jí pẹ̀lú ọdún tó ti kọjá, kò ní tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ lé e á bá a lọ síbẹ̀. Nítorí náà lẹ́yìn ìgbàkígbà tí gbogbo server bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, PDC ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ẹ fi ojú ara yín rí ọjọ́ àti ọdún rẹ̀, kí ẹ tó tan ìyókù.

Lórí DNS, n kò ní pẹ́. Nọ́ńbà domain controller nìkan ló yẹ kó wà nínú DNS kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. 8.8.8.8, DNS Google, tí wọ́n máa ń fi ṣe èkejì "torí bó bá bàjẹ́" kò mọ ohunkóhun nípa domain yín. Ọjọ́ tí Windows bá bá a sọ̀rọ̀, á ní domain náà kò sí. Inú forwarder (ibi tí server DNS ń darí ìbéèrè tí kò mọ̀ sí) lórí server DNS ni kí ẹ fi í sí. Ẹ fi `nltest /dsgetdc:` àti orúkọ domain yín wò ó bóyá kọ̀ǹpútà rí domain controller.

Bí aago àti DNS bá dára tí trust ṣì já, àkáǹtì kọ̀ǹpútà ló kàn. Kọ̀ǹpútà náà ní páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pàrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 30-30. Páásìwọ́ọ̀dù náà kì í kú: kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa fún oṣù 6 kò ní tìtorí ìyẹn já, àfi bí ẹnì kan bá ti pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́. Ohun tó ń já a ni kí wọ́n dá a padà sí snapshot tàbí ẹ̀dà àtijọ́ tó ní páásìwọ́ọ̀dù àná, tàbí kí kọ̀ǹpútà méjì máa jẹ́ orúkọ kan náà, èyí tó wọ domain kẹ́yìn á gba àkáǹtì mọ́ èkíní lọ́wọ́. Ti èkejì yìí pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń da dísíkì kan sórí kọ̀ǹpútà 40 láì lo Sysprep, tó ń nu ìdánimọ̀ Windows kúrò kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Event 3210 láti ọwọ́ NETLOGON ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. 5719 ní tirẹ̀ ń sọ pé kò rí domain controller rárá, ẹ padà sídìí DNS àti wáyà.

Test-ComputerSecureChannel -Verbose
Test-ComputerSecureChannel -Repair -Credential (Get-Credential)

PowerShell 5.1 tó bá Windows wá ni kí ẹ lò, torí 7 kò ní àṣẹ yìí. Bí -Repair bá ti ṣiṣẹ́, kò sídìí láti yọ ohunkóhun kúrò nínú domain. Bí ẹ kò bá mọ páásìwọ́ọ̀dù alábòójútó orí kọ̀ǹpútà, Windows LAPS ni kó máa tọ́jú rẹ̀ fún yín. Ó ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀ láti àfikún oṣù April 2023, Get-LapsADPassword sì ni ẹ ó fi kà á.

Láti wo gbogbo ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kó orúkọ wọn sínú fáìlì kan:

Invoke-Command -ComputerName (Get-Content C:\akojo.txt) -ScriptBlock { [DateTime]::UtcNow.ToString('s'), (Get-TimeZone).Id; w32tm /query /source } -ErrorVariable ako

Àwọn tó bá dáhùn, ẹ wo àgbègbè àti orísun wọn. Àwọn tí kò dáhùn, tí wọ́n sì wà nínú $ako, ẹ fi ping ya àwọn tó wà ní pípa sọ́tọ̀. Èyí tó ń dá ping lóhùn tó sì kọ Invoke-Command lè jẹ́ pé WinRM, tó ń gba àṣẹ láti ọ̀nà jíjìn, ni wọn kò tíì tàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí WinRM bá wà lórí gbogbo wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé mítà àti bátìrì CR2032 lọ.