Ìjàpá àbí DKW? Mo ti yan tèmi

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ àtijọ́ níbí ní Jámánì. Méjì ló ń fa ọkàn mi: Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, àti ọkọ̀ Jámánì mìíràn, DKW 3=6.

Ìjàpá kò ṣàjèjì sí mi. Bàbá mi ní ọ̀kan l'Ékòó. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó sanra jókòó síbẹ̀, kí irin àga má baà kan orí bátìrì kó gbiná. (Àǹtí mi kan ò tíì dárí jì wọ́n.) Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò sí radiétọ̀ tó máa hó. Gíláàsì ẹ̀yìn ni kí ẹni tó ń wá ojúlówó wò: èyí tí irin là sí méjì ti parí ní 1953, èyí tó rí bí ẹyin sì dé 1957. Àwọn yẹn ló gbówó lórí. Mo rí ọ̀kan ti 1956. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo ń wo sìmẹ́ńtì gáréèjì. Ìpẹtà ti jẹ irin tán.

Sìlíńdà mẹ́ta péré, 896 cc, ni DKW ní. Táyà iwájú ló ń fà á. Wọ́n ní mẹ́ta náà ń ṣiṣẹ́ mẹ́fà, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ọ́ìlì là ń pò mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, bíi jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour". Nígbà tí ẹni tó fẹ́ tà á ṣáná sí i, èéfín bo gáréèjì, mo bú sẹ́rìn-ín: òórùn ẹ̀yìnkùlé wa gan-an!

Ó ní wàhálà tirẹ̀. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ́ńjìnnì á já ara rẹ̀ kúrò lára táyà, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí inú epo ni ọ́ìlì wà; tí epo ò bá wọlé dáadáa, irin ń ha irin nìyẹn. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì nìkan ló kù fún ọ. Kíránkì rẹ̀ sì rèé, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló lè tú u. Páàtì Ìjàpá ní tirẹ̀, wọ́n pọ̀ bí yanrìn.

Mo ra DKW. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé jẹnẹrétọ̀ ni a ó máa gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ogójì lítà epo, lítà kan ọ́ìlì. Mo ti ra agolo.