Ẹ̀yin àbúrò tó fẹ́ kọ nọ́fẹ̀lì lókè òkun, ẹ wo Buchi Emecheta

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tẹ́ ẹ ní ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ lẹ máa kọ nọ́fẹ̀lì yín, iṣẹ́ Buchi Emecheta, obìnrin ọmọ Nàìjíríà tó kọ nọ́fẹ̀lì ní London, ni mo fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan tí mo rí kọ́ níbẹ̀.

Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1944, Ìbúsá, ìlú Ígbò kan ní ìpínlẹ̀ Delta, làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Ó lọ bá ọkọ ẹ̀ ní London ní 1962, kó tó pé ọmọ ọdún 23 ó ti filé ọkọ sílẹ̀, ọmọ márùn-ún sì wà lọ́rùn ẹ̀.

Tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀, ìwé tó fọwọ́ kọ tọ́kọ ẹ̀ dáná sun kó tó jáde ni gbogbo èèyàn máa ń pariwo. Òótọ́ ni, ó sun ún. Àmọ́ ìwé tó kọ́kọ́ kọ yẹn, The Bride Price, 1976 ló tó jáde lẹ́yìn tó tún un kọ, òun ló wá ṣìkẹta nínú àwọn ìwé ẹ̀ tó jáde. Kò jókòó ti eérú. Ohun tójú ẹ̀ ń rí gan-an ló gbé kalẹ̀ ná: flat ìjọba, owó ìrànwọ́, àwọn obìnrin òyìnbó aládùúgbò tí ìṣẹ́ ń bá fínra bíi tiẹ̀. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa fi pamọ́ fáwọn ará ilé nìyẹn o! Ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, New Statesman, magasíìnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ń tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni In the Ditch, ìwé ẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde, ti wá ní 1972. Torí náà tẹ́nì kan bá ní òun ò lè kọ 300 ojú ìwé, mo máa ń ní ta ló bẹ̀ ẹ́ ní 300, kọ èyí tó máa gba ojú ìwé méjì nínú magasíìnì kó o fi ránṣẹ́.

Ti àìráyè ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́ láíbìrì ní British Museum, ó ka sosiọ́lọ́jì ní Yunifásítì London, ìdájí káwọn ọmọ tó jí ló fi ń kọ̀wé. Ó tún kọ ọ́ síwájú Second Class Citizen (1974) pé tí kì í bá ṣe ti ariwo dídùn àwọn ọmọ òun, òun ì bá má ti kọ ìwé náà. Lójú tèmi, sosiọ́lọ́jì yẹn ló ràn án lọ́wọ́ jù, torí ó ń wo ìyà tiẹ̀ bí ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò, kò kàn ń sunkún ara ẹ̀.

Ẹ fi In the Ditch bẹ̀rẹ̀, kò nípọn. Kẹ́ ẹ wá ka Second Class Citizen tẹ̀ lé e, ìtàn tó ṣáájú ló wà nínú ẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló jáde.